Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ní Otodo Gbame

Ẹni tó bá tukọ̀ jáde ní Agboyi, tó kọ Ketu àti Alápẹ́rẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀sà Èkó ni yóò já sí. Bó bá la ọ̀sà náà já sí apá gúúsù, yóò kan etí omi Lekki, níbi tí Otodo Gbame wà kó tó di pé wọ́n wó o. Àwọn Ẹ̀gùn apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ará omi ni wọ́n, ará omi ni Agboyi tiwa ní Kóṣòfẹ́ náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwa ará Kóṣòfẹ́ mọ bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ọdún 2017 ṣe lọ. N kò ní fi aago tò ó, nítorí ẹni tí ìbọn bá jí lójú oorun kì í wo aago.

Òru

Ilé tó kù kò tó nǹkan mọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2016, Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé kéde pé ìjọba yóò wó àwọn ahéré tó wà létí omi, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje. Ilé-ẹjọ́ dá ìjọba dúró lọ́jọ́ keje oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà, iná sọ, katapílà tẹ̀ lé e, èèyàn tó lé ní 30,000 sì di aláìnílé. Àwọn kan rì sómi níbi tí wọ́n ti ń sá. Ìjọba ní ìjà Ẹ̀gùn àti Yorùbá ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí: ìjà ẹ̀yà kì í wa katapílà wọ̀lú.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta 2017 ìjọba tún padà wá lé àwọn tó kù, nǹkan bí 4,700. Nígbà tí òru Sátidé yìí fi lé wọn bá, inú ọkọ̀ ni àwọn mìíràn ń sùn.

Ìdájí

Ọlọ́pàá wọlé pẹ̀lú ìbọn àti tajútajú. Ojú omi nìkan ni ọ̀nà àbáyọ, ibẹ̀ ni tọkùnrin tobìnrin sá lọ. Ìbọn ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́rùn, ó sì kú. Amnesty International kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Òwúrọ̀

Ọkọ̀ apẹja kò fẹ̀. Bí ìyàwó àti ọmọ bá ti wọ̀ ọ́, tí a gbé àwọ̀n lé e, etí ọkọ̀ ti fẹ́ bá omi dọ́gba. Ta ni yóò tún gbé ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja? Ààrò yẹn sì ni ṣọ́ọ̀bù obìnrin etí omi. Ẹni tó bá wó o, owó oúnjẹ ló wó, kì í ṣe ilé nìkan.

Ìyálẹ̀ta

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni. Káàkiri Èkó, àwọn ọmọ ìjọ ń ju imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń kọ Hòsánà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ni Adájọ́ Adéníyì Onígbàǹjo ti sọ pé kí ìjọba àti àwọn ará etí omi jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjíròrò náà fọ́. Èmi kò rí ìlàjà nínú kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ kan bọ ìwé, kí ó fi èkejì di ìbọn mú.

Ọ̀sán

Ta ló nilẹ̀ gan-an? Ẹbí Ẹlẹ́gùúṣì ti Ìkátẹ̀ ní ilẹ̀ baba àwọn ni. Àwọn Ẹ̀gùn ní àwọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ló yẹ kó yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayálégbé lásán ni wọ́n, ṣé bí a ṣe ń lé ayálégbé nìyẹn?

Ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti fọ́n ká: àwọn kan wà lórí ọ̀sà, àwọn mìíràn forí pamọ́ sọ́dọ̀ ẹbí àti ará ní àwọn ìletò etí omi mìíràn.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà 2017, Adájọ́ Onígbàǹjo dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn tako òfin Nàìjíríà, ó sì ní kí ìjọba bá wọn jíròrò lórí ibi tí wọn yóò máa gbé. Ilé ti wó tán kí ìdájọ́ tó dé.

Ní Agboyi tiwa, kì í ṣe katapílà, omi odò Ògùn ló ń lé èèyàn. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ló ń tú omi sílẹ̀ nígbà òjò, ìjọba a sì ní kí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò kó lọ sórí ilẹ̀ gíga. Nígbà tí omi lé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ní Kóṣòfẹ́ lọ́dún 2010, ìjọba kó wọn lọ sí àgọ́ ní Àgbọwà. Àgọ́ kì í ṣe ilé. Nítorí náà, ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ Agboyi-Ketu, bí wọ́n bá tún ní kí ará omi kó kúrò, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọn yóò kó o lọ, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.