Ta Ni Yóò Máa Lu Ìlù Fún Wa Lókè Ọya?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sin ìyá àgbà kan níbí ní Sabon Gari. DJ gbé ẹ̀rọ ńlá síta, ó ń fi fóònù yan orin, àwọn èèyàn sì ń jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ olóòkú jáde, kò sẹ́ni tó kì wọ́n. Kò sẹ́ni tó fi ìlù pe oríkì ìyá náà. Bàbá kan tó jókòó tì mí ní, "Ṣé báyìí ni wọ́n máa sin èmi náà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ síbí, kí àwọn ọmọ wa lè mọ bí a ṣe dé ibi tí a wà.

Reluwé ló kó àwọn bàbá wa wá. 1911 ni ojú irin dé Kano, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Sabon Gari fi dìde. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀jìgbò ń kó obì àti aṣọ wá tà, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Níbi tí Yorùbá bá ti ń sọmọ lórúkọ, tó ń gbéyàwó, tó ń sin òkú, ọmọ Àyàn ò ní jìnnà síbẹ̀. Onílù mọ̀ pé ibi tí òwò bá wà ni ìnáwó wà. Nítorí náà, ìlù tẹ̀ lé obì wá sókè Ọya.

Kì í ṣe onílù nìkan. Hubert Ogunde àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ wá bá àwọn bàbá wa níbí. Ọ̀kan nínú eré rẹ̀, Strike and Hunger, kó o sí wàhálà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Jos. Kí ló gbé e wá tó bẹ́ẹ̀? Àwa ni. Àwọn tó máa sanwó ìwọlé wà níbí.

Ẹ wo I. K. Dairo náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, ọmọ àtìpó bíi tàwa. Ó ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀ kó tó di olórin ńlá. Ó mú àkọ́díọ̀nù wọ jùjú, ní 1963 Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè MBE. Ní 1969, òun àti Haruna Ishola dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Star Records sílẹ̀, kí èrè iṣẹ́ wọn má baà máa bọ́ sápò òyìnbó nìkan. Ní 1979, Haruna Ishola tún dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Alápàlà ló kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gba ohùn orin sílẹ̀ sí ìlú rẹ̀!

Ìgbà owó epo rọ̀bì nìyẹn. Nígbà tí owó Udoji jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló fi ra ẹ̀rọ àwo sílé. Ebenezer Obey, Sunny Adé, Ayinla Omowura, Barrister: ẹni tó bá fẹ́ àwo wọn ń rí owó rà á.

Haruna Ishola kú ní 1983. Ní 1986, SAP dé. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Nígbà tó fi máa di 1987, ó ti tó nǹkan bíi N4 kí ènìyàn tó rí dọ́là kan. Òkè òkun sì ni ohun tí wọ́n fi ń tẹ àwo ti ń wá. Ọdún 1987 yẹn ni mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta àwo àti kásẹ́ẹ̀tì. Ojú mi báyìí ni àwo fi tán lórí pẹpẹ, tó ku kásẹ́ẹ̀tì nìkan.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí tó pọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, àdàkọ ni. Alẹ́ la máa ń dà á kọ, tó bá dàárọ̀ a tà á. Olórin ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwa tá a fẹ́ràn orin wọn náà wà lára àwọn tó ba ọjà wọn jẹ́. Owó yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò tèmi, títí dòní ó ń ká mi lára.

Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, CD dé. Lẹ́yìn CD, mẹ́mórì káàdì. Ní báyìí, fóònù ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, owó ọkọ̀ láti pe onílù láti ilé wá síbí ti ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Bàbá onílù kan tó máa ń lù fún wa níbí ti di olóògbé. Ìyáàlù rẹ̀ wà lára ògiri, awọ rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọ rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ a-daidaita-sahu. Mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlù ò sanwó iléèwé ọmọ mi." Kí ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn?

Mi ò bá DJ jà o. Dairo fi àkọ́díọ̀nù kún orin, kò pa á run. Orin ti ń bá owó yí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ fóònù ò mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Onílù mọ̀ ọ́n: bó bá rí ọ, á pe bàbá rẹ, á pe ìlú rẹ, ọmọ rẹ tí wọ́n bí sí Kano á gbọ́ ibi tó ti wá.

Ohun tí mo rò nìyí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ nínú owó oṣooṣù, kí onílù kan rí nǹkan gbára lé, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá pe DJ, kó pe onílù kan pẹ̀lú rẹ̀, ì báà ṣe fún wákàtí kan péré.

Èmi máa kọ́kọ́ san tèmi. Mo ti sọ fún ọmọ bàbá onílù yẹn pé kó lọ pààrọ̀ awọ ìlù náà, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Gbèsè kásẹ́ẹ̀tì ayé ìjọ́sí ni mò ń san.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ̀ ju èyí lọ, àwọn onílù wo ló lù fún yín ní ìlú tẹ́ ẹ wà? Ẹ sọ fún wa ká tó gbàgbé.