Bí Iṣẹ́ Olùkọ́ Àkànṣe Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ àwọn adití wà lára ohun tó kọ́kọ́ bí iṣẹ́ olùkọ́ àkànṣe, ìyẹn olùkọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì láti kẹ́kọ̀ọ́, ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1960, Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ìwé sílẹ̀ fún wọn ní Ìbàdàn, ó sì ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ wọn. Láàárín àwọn ọdún 1970, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀.

Ọdún 1977 ni ọ̀rọ̀ náà wá dé ọwọ́ ìjọba gan-an. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ìjọba àpapọ̀ sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ adití àti afọ́jú, iṣẹ́ yìí tún kan ọmọ tí ojú rẹ̀ ríran, tí etí rẹ̀ gbọ́ràn, tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, síbẹ̀ tí ìwé kíkà kò wọ̀ ọ́ lórí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló jìyà jù, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè fojú rí lára rẹ̀. Olódo ni wọ́n ń pè é, pàṣán sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Òfin àpapọ̀ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 sọ pé ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ àbójútó akẹ́kọ̀ọ́ aláàbọ̀ ara. Fún àpẹẹrẹ, ní agbègbè Ọbáfẹ́mi Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pàápàá Mowé àti Ìbafò tí àwọn ìdílé ń ya wọ̀ láti Èkó, títí dé Ìfọ̀, irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àfikún lásán.