Báwo ni èèyàn ṣe lè pààrọ̀ ṣáàfù iwájú ọkọ̀ nílé láì fara pa?

Tí ọkọ̀ bá ń dún "kẹ-kẹ-kẹ" níwájú nígbà tó bá ń yà, ó yẹ kí awakọ̀ fura sí ṣáàfù. Òun ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú gíábọ́ọ̀sì lọ sí táyà iwájú, nínú àwọn ọkọ̀ bíi Toyota Corolla àti Camry.

Kí ló ń bà á jẹ́?

Rọ́bà tó bo CV joint ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Gíríìsì á tú síta, iyanrìn àti omi á wọlé. Tí wọ́n bá tètè rí i, rọ́bà àti gíríìsì tuntun lè tó. Tó bá ti ń dún, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó sì le. Kí wọ́n fi igi há táyà ẹ̀yìn. Jáàkì kàn wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè ni. Stand onírin ló yẹ kó gbé e dúró. Búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì, ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò ní ráyè sá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

• Kí táyà tó kúrò nílẹ̀, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì, kí wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà.
• Wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí stand, wọ́n á yọ táyà, wọ́n á sì gbé abọ́ sábẹ́ gíábọ́ọ̀sì nítorí ọ́ìlì.
• Wọ́n á tú ball joint, wọ́n á ti orí ṣáàfù jáde, wọ́n á sì fi irin yọ ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́ lára gíábọ́ọ̀sì.
• Kí wọ́n fi tuntun wé ti àtijọ́: gígùn àti iye eyín wọn gbọ́dọ̀ bára mu, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀.
• Wọ́n á ti tuntun wọlé títí yóò fi dún "kọ́", wọ́n á dá gbogbo nǹkan padà, wọ́n á sì rọ́pò ọ́ìlì tó dànù.

Nọ́ọ̀tì tuntun ló dára jù, bí ìwé ọkọ̀ náà bá sì ṣe sọ ni kí wọ́n ṣe fún un le. Tó bá dẹ̀, bearing lè bàjẹ́. Ẹni tí kò bá ní stand, kó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Owó iṣẹ́ kò tó ẹ̀mí.