Ta Ló Ń Bọ́ Jagunjagun?

Nígbà tí Gbọ́tìjà ń jà nínú Jagun Jagun, ńṣe ni mo di àga mú. Fíìmù tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2023 ni. Ọmọ mi ló gbé e wá láti Adó, ó sì fi ẹ̀rọ bò mí létí méjèèjì. Idà ń dún lápá ọ̀tún, igbe ń ta lápá òsì, àyà mi ń já. Lateef Adédiméjì, tó ṣe Gbọ́tìjà, ṣe é débi pé mo gbàgbé pé inú ìyẹ̀wù mi ní Ìgbẹmọ ni mo wà. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n bó ti parí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú: ta ló ń se oúnjẹ fún gbogbo ọmọ ogun wọ̀nyẹn? Ìrẹsì ni mo ń bọ̀ tà. Mo mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ oko ń jẹ lóòjọ́.

Ogun tiwa ní Èkìtì, Kírìjì, tí a bá Ìbàdàn jà, kì í ṣe ogun wákàtí méjì bíi ti fíìmù. Lọ́dún 1878 ni Fábùnmi, jagunjagun Òkèmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣe olórí ìlú náà, ìyẹn ló sì dá ogun sílẹ̀. Inú ìlú ni ajẹ́lẹ̀ ń gbé, tòun ti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ewúrẹ́, wọn a wọlé mú un. Kí ìbọn tó dún rárá ni ogun ti wọ inú abà.

Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Ìbàdàn pàgọ́ sápá Ìgbájọ, tiwa wà lápá Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n bímọ. Àgọ́ Ìbàdàn ni Ààrẹ Látóòsà, olórí wọn, kú sí lọ́dún 1885.

Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ń ra ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó, èyí tí wọ́n ń ti ìdí ki ọta sí, tó yá ju ṣakabùlà lọ fíìfíì. Ìró rẹ̀ láàárín àwọn òkè ló sọ ogun náà lórúkọ. Idà àti oògùn ni fíìmù yẹn gbé ga. Ní Kírìjì, o lè má rí ojú ẹni tó pa ọ́.

Ọta ń ti Èkó wá, iṣu kò ti Èkó wá. Obìnrin àti ẹrú ló ń gbìn ín, àwọn náà ló ń rù ú. Ẹni tí wọ́n bá kó lógun, òmíràn a lọ sí oko olórí ogun, òmíràn a di owó ìbọn. Èyí dùn mí ju ikú àwọn akọni lọ.

Àwọn àlùfáà ìjọ, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ṣe alárinà, wọ́n sì fọwọ́ síwèé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Síbẹ̀ ogun náà kò parí tán títí Carter, gómìnà Èkó, fi dé lọ́dún 1893. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnì kan ń dáko, ẹnì kan ń dáná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù Kírìjì, àwọn wọ̀nyẹn ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ fi hàn wá.