Àṣìṣe Kò Pa Gbèsè Rẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ogun Làìbéríà

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí ọmọ ilé-kéú wa kan ní Ajégúnlẹ̀ bi wá pé: “Àfáà, bí wọ́n bá mú èèyàn ní ìgbèkùn lójú ogun, ṣé kí ìjọba má kó ṣójà lọ gbà á ni?” Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè yìí kò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ìtàn ni a ó fi dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Disẹ́ńbà 1989, Charles Taylor àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wọ Làìbéríà láti lé Ààrẹ Samuel Doe kúrò lórí oyè. Kí ó tó di àárín ọdún 1990, ogun ti dé Monrovia, olú-ìlú wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Júláì, àwọn ṣójà Doe wọ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran kan, wọ́n sì pa nǹkan bí 600 èèyàn tó sá pamọ́ síbẹ̀, tọmọdé tobìnrin. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò níbẹ̀ há sáàárín. Ọ̀pọ̀ sá wọ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa. Ní oṣù Ògọ́sì, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Banjul, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG sílẹ̀. Nàìjíríà, Gánà, Gíní, Sàró àti Gáńbíà ló kó ṣójà jọ. Nǹkan bí 3,000 nínú wọn gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia ní ọjọ́ 24 Ògọ́sì. Ọ̀kan nínú ìdí tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida sọ fún wa ni pé kí a lè gba àwọn èèyàn wa sílẹ̀.

A rántí àkókò náà dáadáa. Ọ̀dọ́ ni wá nígbà náà, à ń ran àfáà wa lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọdé ní wàláà. Ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Àpápá, ìyàwó àti ọmọ wọn sì ń gbé láàárín wa. Ojoojúmọ́ ni à ń ṣe àdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta ẹ̀kọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣòwò aṣọ ní Buchanan, ìlú tó ti bọ́ sọ́wọ́ Taylor. Lọ́jọ́ tí rédíò kéde pé ṣójà wa ti gúnlẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń yọ̀, ẹkún ni ìyá yìí ń sun. Ó ní: “Àwọn tó wà ní Monrovia ni wọ́n lọ gbà. Ta ni yóò wá gba tèmi?” A kò rí èsì fún un. Ọmọ náà kò padà wálé títí ìyá fi jáde láyé.

Ẹ̀rù tó ba ìyá yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Bí ECOMOG ti gúnlẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù tó rán ṣójà wá di ọ̀tá lójú Taylor. Wọ́n ń mú wọn, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé, wọ́n sì pa púpọ̀. Akọ̀ròyìn wa méjì, Krees Imodibie ti ìwé ìròyìn The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion, bọ́ sọ́wọ́ wọn lọ́dún náà, wọn kò sì bọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn wà lọ́rùn ẹni tó pànìyàn, a kò gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yọ ọmọ kan lẹ́nu ẹkùn, ó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí àwọn ọmọ yòókù wà.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là ní Monrovia nítorí pé ECOMOG dé, ẹni tó bá sẹ́ èyí purọ́. Àmọ́ agbanisílẹ̀ di ajagun. Nígbà tí Taylor tún kọlu Monrovia ní oṣù Òkítóbà 1992, ọkọ̀ òfuurufú ECOMOG ń ju bọ́ǹbù sí àwọn ìlú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Épúrù 1993, wọ́n kọlu ọkọ̀ àwọn dókítà tó ń gbé ìrànwọ́ lọ fún aráàlú. Àwọn kan nínú ṣójà kó ẹrù onílẹ̀, débi pé àwọn ará Làìbéríà fi orúkọ ECOMOG ṣẹ̀fẹ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo mọ́tò àti gbogbo ohun tó ṣeé gbé ti lọ. Àwọn mìíràn bímọ síbẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ àti ìyá sílẹ̀ wálé.

Kì í ṣe Làìbéríà nìkan. Ní Sàró, ní ọjọ́ 25 Ògọ́sì 2000, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní West Side Boys mú ṣójà Gẹ̀ẹ́sì 11 àti ọ̀gá ṣójà Sàró kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gba márùn-ún. Ní ọjọ́ 10 Sẹ̀tẹ́ńbà, wọ́n fi ìbọn gba ìyókù: ṣójà Gẹ̀ẹ́sì kan kú, ọlọ̀tẹ̀ 25 ó kéré tán sì kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọdé tí wọ́n jí gbé láti ilé wọn, tí wọ́n fi tipátipá kọ́ ní ogun, wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ yẹn. Ẹni ìgbèkùn ni àwọn náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá gbà wọ́n. Ní Sókótó nílé wa níbí, ní ọjọ́ 8 oṣù Máàṣì 2012, ṣójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti wa kọlu ilé tí wọ́n fi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ọmọ Ítálì kan pamọ́ sí. Àwọn méjèèjì tí wọ́n tìtorí wọn wá ni wọ́n bá ní òkú. Ìjọba Ítálì sì ké pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn ṣáájú.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Gbígba ẹni ìgbèkùn sílẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Suratu Taobah ayah 60 tilẹ̀ fi ìdásílẹ̀ ẹni tó wà lóko ẹrú sínú ohun tí a lè ná owó zakat lé lórí. Sáyídínà Abubakr kìlọ̀ fún ọmọ ogun rẹ̀ pé kí wọ́n má pa obìnrin, ọmọdé tàbí arúgbó. Suratu Nisai ayah 92 sì kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, ó ní gbèsè láti san: owó ẹ̀jẹ̀ fún ẹbí òkú, àti ìtánràn níwájú Ọlọ́hun. Ẹ kíyè sí i: kò mọ̀ọ́mọ̀, síbẹ̀ ó jẹ gbèsè.

Nítorí náà, èsì tí a fún ọmọ wa nìyí. Kí a fi ẹnu gba èyí tó bá ṣeé fi ẹnu gbà. Bí agbára bá di dandan, kí a ka gbogbo orí tó wà níbẹ̀, kì í ṣe orí àwọn tiwa nìkan. Nígbà tí ogun bá sì tán, kí ẹni tó paṣẹ bọ́ síta, kó sọ iye tó kú, kó sì wá ẹbí wọn lọ. Ilé ẹjọ́ àgbáyé dá Taylor lẹ́bi ní ọdún 2012, wọ́n sì ní kó lọ ẹ̀wọ̀n 50 ọdún. Ohun tó ṣe sí Sàró ni wọ́n torí rẹ̀ dájọ́, kì í ṣe ti Làìbéríà. Ìyá ẹlẹ́kọ Ajégúnlẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni, yálà ní Làìbéríà tàbí ní Nàìjíríà, tó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti sọ ohun tó ṣe ọmọ rẹ̀ fún un.

Kí Ọlọ́hun forí ji àwọn òkú wa, kó sì fún àwọn aláṣẹ wa ní ọkàn tó ń bẹ̀rù ìṣirò. Àmín.