Ta Ló Ni Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ń Tà? Ìtàn Ìwé Ilẹ̀ ní Nàìjíríà

Kò sí ìlú ńlá kan ní Nàìjíríà tí ènìyàn yóò rìn já tí kò ní rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí lára pé, "Ilé yìí kì í ṣe títà." Onílé ló kọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà tà á lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló dé tí ògiri fi ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ìwé ṣe?

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀rí ẹnu ló wà. Lọ́pọ̀ ibi ní gúúsù, ẹbí ló ni ilẹ̀. Igi pèrègún ló ń ṣe ààlà, àwọn àgbà sì ni ìwé tí a ń ṣí wò. Ilé ẹjọ́ òde òní kò pa àṣà yìí rẹ́. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ fi í lélẹ̀ pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ kí títà náà sì wó. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí wọn, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí olùrà tó béèrè iye owó, ó yẹ kó béèrè ẹni tí ó láṣẹ láti tà.

Ìwé wọ inú ọ̀rọ̀ náà ní Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ Ọbabìnrin. Orúkọ ẹnì kan ló wà nínú ìwé, ogunlọ́gọ̀ ẹbí ló wà lórí ilẹ̀. Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ó lókìkí jùlọ ni ti ilẹ̀ Àpápá. Ìjọba gba ilẹ̀ náà, ó sì ní ohun tí ó tọ́ sí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, kò tó ti onílẹ̀. Olóyè náà gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, Privy Council, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, dá a láre: ìwé ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ní Àríwá, ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà. Òfin ọdún 1910 fi ilẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ gómìnà; òfin ọdún 1962 sì tẹ̀ lé e. Ní Gúúsù, wọ́n ṣe òfin ìforúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1924. Àléébù kan wà níbẹ̀: bí ìwé bá wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba, èyí kò sọ pé ẹni tí ó tà á ni onílẹ̀. Ìwé olè lè wà létòlétò nínú àpótí ìjọba.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Ìlànà tí ó jọ ti Àríwá di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Gómìnà di olùtọ́jú ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ kò lè tà á tàbí fi í dúró fún gbèsè láìgba ìfọwọ́sí rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìfọwọ́sí, asán ni.

Ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo fi ìtumọ̀ "asán" han gbogbo ayé ní ọdún 1989. Wọ́n ti fi dúkìá dúró fún gbèsè ní báńkì láìgba ìfọwọ́sí. Nígbà tí báńkì fẹ́ tà á, ẹgbẹ́ ajigbèsè ló wá sọ pé àdéhùn náà kò bófin mu. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó gba ìfọwọ́sí, tí kò gbà á, òun ló jàǹfààní. Ní ọdún 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe, ilé ẹjọ́ kan náà dẹ okùn náà díẹ̀: ènìyàn méjì lè kọ́kọ́ ṣe àdéhùn, kí wọ́n tó lọ gba ìfọwọ́sí.

Ní ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua gbé ìgbìmọ̀ àtúnṣe kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ó sì fẹ́ kí ìfọwọ́sí gómìnà mọ sórí títà ilẹ̀ nìkan. Àbá náà kò di òfin. Kò rọrùn: Òfin Ìlò Ilẹ̀ wà lábẹ́ ààbò òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999, àtúnṣe rẹ̀ sì ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin l'Ábùjá àti ti ilé ìgbìmọ̀ àwọn ìpínlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà ṣe ń dúró sórí rìsíìtì àti sọ́fè, tí wọ́n ń sá fún owó àti ìdádúró tí ó wà nínú ìfọwọ́sí. Ìwé tí ó yẹ kí ó dáàbò bo olùrà ti di ẹnu ọ̀nà tí ìjọba ti ń gba owó. Títí a ó fi ní àkọsílẹ̀ tí ó ń sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, tí mẹ̀kúnnù sì lè yẹ̀ wò láìbẹ ẹnikẹ́ni, ọ̀dà ara ògiri ni yóò máa jẹ́ ìwé ẹ̀rí wa.