Ọkọ̀ àlòkù lórí òkè Àkókó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn yìí gùn o. Ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ ra gúgúrú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ tí a kì í wò lẹ́ẹ̀mejì: ọkọ̀. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, ohun tí wọ́n fi igi gbẹ́, tó ń lọ lórí omi, ni ọkọ̀. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ tì í lọ ń wa ọkọ̀. Tó bá dé èbúté, ó gúnlẹ̀. Ìgbà tí mọ́tò wá dé, a ò yọ ara wa lẹ́nu láti wá orúkọ tuntun. A kàn gbé ọ̀rọ̀ omi wá sórí ilẹ̀: awakọ̀, èrò ọkọ̀, wọkọ̀, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Bàlúù náà, tó ń fò lókè, ọkọ̀ la pè é.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Torí pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà la wà pẹ̀lú àwọn ará Ilàjẹ, ọkọ̀ tiwọn sì ṣì jẹ́ ọkọ̀ omi. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹja tí owó rẹ̀ ò pọ̀, ọkọ̀ àlòkù ló máa wá. Á yọ pákó tó ti jẹrà, á kan tuntun sí i, á kun ọ̀dà sí ìdí rẹ̀, á wá ẹ́ńjìnnì àlòkù sẹ́yìn rẹ̀, ó di ojú omi. Àwa ará òkè níbí, ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, inú ọbẹ̀ la ti ń pàdé ẹja. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn, ká ra ohun tó ti gbó, ká tún un ṣe títí tí á fi jẹun fún wa, a ní in dáadáa. Ọkọ̀ tiwa ní táyà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa òkè, torí láìsí òkè, ìtàn yìí ò dùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ya wọ ilẹ̀ Àkókó wá kó èèyàn lẹ́rú. Àwọn jagunjagun Yorùbá bíi tiwa náà gba ibí kọjá, wọn ò sì fọwọ́ pa wá lórí. Kí làwọn bàbá wa ṣe? Wọ́n gun òkè. Ẹṣin ò lè sáré lórí àpáta. Tí ẹ bá dé Ọ̀kà, tí ẹ rí bí ilé ṣe ń gun ara wọn láàárín òkúta, ẹ má rò pé torí atẹ́gùn tútù ni wọ́n ṣe lọ síbẹ̀. Ẹ̀mí ni wọ́n ń sá fún.

Àmọ́ òkè tó gbà wá lọ́wọ́ ẹṣin náà ni mọ́tò wá bá níbẹ̀.

Ní Èkó, wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe tipẹ́tipẹ́. W. A. Dawodu ti wà nídìí òwò mọ́tò kí Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ tó parí. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ akẹ́rù di ọlọ́rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kàn wá lókè. Ìgbà tó sì kàn wá, orúkọ kan ló gba gbogbo ẹnu: Bẹ́dífọ́ọ̀dù.

Ilé iṣẹ́ Vauxhall, ní Luton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bedford ní 1931. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bíi 250,000 ni wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ogun. Àwọn ọmọ wa tó wọṣẹ́ ológun lásìkò yẹn, tí àwọn kan nínú wọn jà dé Burma, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ọkọ̀ wíwà àti iṣẹ́ mẹkáníìkì níbẹ̀. Láti 1945 tí wọ́n ti ń padà wálé, wọ́n gbé ọgbọ́n yẹn bọ̀. Mo máa ń rò ó pé ogun tó pa àwọn kan náà ló kọ́ àwọn tó kù níṣẹ́.

Ibi tó dùn jù lọ nìyí: Bẹ́dífọ́ọ̀dù kì í sábà dé ní odindi. Orí àti egungun ló ń dé: ẹ́ńjìnnì, ṣáásì, táyà, ó parí. Ara yòókù, kápẹ́ńtà wa ló ń kàn án. Pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó lókè, pákó gbọọrọ ní ìdúbùú fún èrò láti jókòó. Ayàwòrán á wá kọ ọ̀rọ̀ síwájú orí rẹ̀. Ẹ ò rí i? Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ti jẹ́ tuntun ni ọwọ́ wa ti wà lára rẹ̀. Nítorí náà ìgbà tó bá gbó, ẹ̀rù ò bà wá. Ẹni tó kàn án lákọ̀ọ́kọ́ wà ládùúgbò, á tún un kàn. Àwọn tó ń pè wá ní aláìní torí pé à ń lo àlòkù, mi ò rò pé wọ́n mọ èyí.

Bólẹ̀kájà la pè é. Bọ́ sílẹ̀ ká jà. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn kọ̀ndọ́ ṣe ń fa èrò kan ṣoṣo lápá ọ̀tún àti lápá òsì mọ ibi tí orúkọ náà ti wá.

Bàbá bàbá mi ní ìpín nínú ọ̀kan. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló dáwó jọ, wọ́n rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ọ̀wọ̀ tó ti lò ó tó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá bàbá mi sọ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó kòkó ọdún kan gbáko ló bá a lọ, ọkọ̀ náà ò sì dá dúró fúnra rẹ̀, wọ́n fi okùn fà á wọ̀lú ni! Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi tún un ṣe. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kápẹ́ńtà ya pákó, wọ́n wá irin láti ara ọkọ̀ mìíràn tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu àti kòkó láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọkọ̀ yẹn ló rán bàbá mi níléèwé. Màmá àgbà ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni rán òun létí apá yẹn, ẹ má sọ fún un pé mo kọ ọ́ síbí.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ṣe pàtàkì jù nínú ọkọ̀ yẹn lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà? Ọmọ ọkọ̀ tó di gbòǹgbò igi kan mú. Tí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí agbára rẹ̀ tán, ọmọ yẹn á fò sílẹ̀, á sáré fi igi náà há ẹ̀yìn táyà kó má bàa yí padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tàbí méjìdínlógún ni irú wọn máa ń jẹ́. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn ogún àti iṣu ẹgbẹ̀rún kan, igi kan ṣoṣo ló dá wọn dúró.

Ó di 1972. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba ní kí gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó mọ́gbọ́n wá, torí apá ọ̀tún ni Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Sweden ti ṣe irú ẹ̀ ní 1967, Ghana tẹ̀ lé wa ní 1974. Àmọ́ ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ọ̀tún ni ìdarí Bẹ́dífọ́ọ̀dù wà. Ní báyìí tí ọkọ̀ ń gba apá ọ̀tún, dẹ́rẹ́bà jókòó sẹ́bàá gọ́tà, kò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú tó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ tó jókòó lápá òsì ló ń wò fún un, tó ń sọ fún un pé "máa lọ" tàbí "dúró". Lórí ọ̀nà Àkókó tó ń lọ́ bí ejò! Màmá àgbà ní ọdún yẹn gan-an ni bàbá àgbà ta ìpín tirẹ̀. Ó ní òun ò lè máa fi ojú ọmọ ọlọ́mọ wa ọkọ̀.

Owó epo rọ̀bì wá dé. Mi ò ní pẹ́ níbí. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, wọ́n ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Peugeot 504 di ọba gáréèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra ọkọ̀ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni o, tuntun! Ẹ bi àwọn bàbá yín, ojú wọn á tàn.

Lẹ́yìn náà ni 1986, ọdún SAP. Ní 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1987, ó ti di nǹkan bíi náírà 4 kí èèyàn tó rí dọ́là 1. Ọkọ̀ tuntun bá fò kọjá orí tíṣà, ó fò kọjá orí nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ la ti tún padà sídìí àlòkù, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí òkè òkun ni wọ́n ti lò ó tẹ́lẹ̀: Bẹ́ljíọ̀m, Jámánì, lẹ́yìn náà Amẹ́ríkà. Èbúté Kutonu ni ọ̀pọ̀ wọn gbà wọlé.

Ẹ wo orúkọ tí a sọ wọ́n: Tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé ni. A fún àlòkù ní orúkọ ọmọ. Tó bá ti jẹ́ nílé níbí ni wọ́n ti lò ó, kì í ṣe tòkunbọ̀ mọ́, owó rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbin tó wà nínú ìyẹn ò yé mi tán: ìwakúwà ọmọ Bẹ́ljíọ̀m wá sàn ju ìtọ́jú ọmọ Àkókó lọ, àbí?

Kì í ṣe wa nìkan ló kàn. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká kéde ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ kékeré àlòkù tí ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó jáde tó mílíọ̀nù 14, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba wa náà ń ṣe òfin lórí rẹ̀ lemọ́lemọ́. Láti oṣù kìíní 2017, wọn ò gbà kí ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èbúté wa nìkan. Ẹni tó bá mọ bọ́dà wa mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ẹ̀gbọ́n mi kan rí bọ́ọ̀sì Hiace kan ní Ọ̀kà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀, ewúrẹ́ ti bímọ sábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ rà á, kó tún un ṣe, kó máa fi kó èrò láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, ó sì ní kí n dáwó. Ọ̀nà kan náà tí bàbá àgbà fi ọkọ̀ tirẹ̀ ṣiṣẹ́! Mo ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Àmọ́ ọ̀nà yẹn gba Akùngbá kọjá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan tó kó sìmẹ́ńtì já wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú yunifásítì níbẹ̀. Bíréèkì ló já, wọ́n ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kú. Àwọn kan nínú yín tó ń ka èyí wà níléèwé yẹn lọ́dún náà, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ohun tí mẹkáníìkì kan ní Ìkàrẹ́ ṣàlàyé fún mi nìyí. Tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè gígùn tí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀, irin ibẹ̀ á gbóná. Epo bíréèkì tí wọn ò pààrọ̀ láti ọdún pípẹ́ ti fa omi mọ́ra. Tí ooru bá mú un, omi yẹn á hó, á di èéfín nínú ọ̀pá, ẹsẹ̀ á wá máa tẹ afẹ́fẹ́ lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà fi ní gíà tí o fi gun òkè ni kí o fi sọ̀. Àwọn tó ń fi fíríì sọ̀kalẹ̀ kí epo má bàa jó, ẹ̀mí èrò ni wọ́n fi ń ṣẹ́ owó jọ.

Bọ́ọ̀sì tó sì ti dúró sábẹ́ máńgòrò fún ọdún mẹ́ta, kí lẹ rò pé ó wà nínú ọ̀pá bíréèkì rẹ̀?

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló máa kọ́kọ́ ṣe. Ó ní kíkùn, tìmùtìmù ìjókòó, rédíò tó dún dáadáa, torí ìyẹn ni èrò ń wò. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ni èrò ń wò. Mo dá a lóhùn pé màá dáwó, ṣùgbọ́n màá fi owó tèmi lé mẹkáníìkì lọ́wọ́ fúnra mi: ọ̀pá bíréèkì tuntun, epo rẹ̀ tuntun, páàdì, ìlù ẹ̀yìn méjèèjì, táyà mẹ́rin tí kì í ṣe àlòkù. Ó ní ìyẹn lè tó ìdajì owó tí òun fẹ́ fi ra bọ́ọ̀sì náà. Mo ní mo mọ̀.

Àtàná la sọ̀rọ̀ yẹn. Kò tíì fèsì. Tó bá gbà, màá ya fọ́tò bọ́ọ̀sì náà síbí fún yín, tewúrẹ́ tewúrẹ́.